Ẹ tọ́jú ẹsẹ̀ àwọn ìyá yẹn kẹ́ ẹ tó ronú físà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ní ìjọ yín l'Ókè-Ìlewó, l'Ábẹ́òkúta níbí, fẹ́ kó èèyàn 26 lọ sí Jerúsálẹ́mù, tẹ́ ẹ ní púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ìyá tó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, tẹ́ ẹ wá ń béèrè pé kí lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Mo gbọ́ báwọn kan ṣe ń sọ ti dọ́là àti súwẹ́tà fún yín. Kò burú, àmọ́ ohun tó dun èmi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sẹ́ni tó fẹnu bà á. Ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ àwọn ìyá yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó.

Èmi ni akọ̀wé nígbà tí ìjọ tiwa kó èèyàn 31 lọ ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Ọwọ́ mi ni orúkọ gbogbo wọn wà, èmi ni mò ń kà wọ́n wọnú bọ́ọ̀sì láàárọ̀, èmi náà ni mò ń kà wọ́n lálẹ́. Ọjọ́ kẹta tá a débẹ̀ ni mo sọ ìyá kan nù. Màmá Ìtòkò là ń pè wọ́n, ẹni ọdún 74 ni wọ́n nígbà yẹn, fùfú ni wọ́n ń tà ní Kútọ̀, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi dájọ fún ìrìnàjò yẹn, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kankan àfi bàtà.

Bàtà yẹn gan-an ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin rà á wá láti Èkó, bàtà tó dáa ni, ó mọ́ kedere, àmọ́ inú páálí ló wà títí a fi dé èápọ́ọ̀tù n'Íkẹjà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tá a máa rin ọ̀nà tí wọ́n ní Jésù gbé àgbélébùú gbà, Via Dolorosa, bàtà yẹn ti ń jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀ láti àná, wọn ò sọ fẹ́nì kankan. Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ọ̀nà yẹn ò ju nǹkan bí 600 mítà lọ, ẹ máa ní kí ló wà níbẹ̀. Àárín ọjà ló gbà kọjá o. Ìsọ̀ lọ́tùn-ún, ìsọ̀ lósì, aṣọ, èròjà ọbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn èrò láti gbogbo ayé tí wọ́n ń ti ara wọn bí ìgbà téèyàn wà n'Ítòkú lọ́jọ́ tọ́jà ń kún, òkúta tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ti dán nítorí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tó ti ń gba orí ẹ̀ kọjá, ó ń yọ̀ bí àpáta Olúmọ tójò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ibùdó 14 tí wọ́n ti ń dúró gbàdúrà ni. Mẹ́sàn-án wà lójú ọ̀nà, márùn-ún tó kù wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ibojì Jésù. Láti ìkarùn-ún lọ ló ti di àtẹ̀gùn, ẹ máa gòkè, ẹ máa sinmi díẹ̀, ẹ tún máa gòkè.

Gáìdì wa ń sáré torí ẹgbẹ́ míì ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Àwọn ọ̀dọ́ gba iwájú, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi náà wà níwájú, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, torí mo fẹ́ gbọ́ àlàyé dáadáa kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tá a dé ojúde ṣọ́ọ̀ṣì ni mo tó kà wá. Ọgbọ̀n. Mo tún un kà, ọgbọ̀n. Àyà mi já. Fóònù wọn ò ní láìnì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Yorùbá nìkan sì ni wọ́n gbọ́.

Èmi àti arákùnrin kan la padà sínú ọjà yẹn, ó tó ogójì ìṣẹ́jú tá a fi wá wọn. Níwájú ìsọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ère tí wọ́n fi igi ólífì gbẹ́ la ti rí wọn, Lárúbáwá ni, Mùsùlùmí, ó ti gbé àga fún wọn, ó fún wọn ní tíì gbígbóná tí wọ́n já ewé mint sí. Wọ́n ti bọ́ bàtà. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ méjèèjì ti wú, ó ti bẹ́, ara pupa ti yọ, ìbọ̀sẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ti apá òsì. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n sọ pé, "Akọ̀wé, ẹ má bínú o, ẹsẹ̀ ni ò gbà mọ́." Àwọn ni wọ́n ń bẹ èmi! N ò gbàgbé ohùn yẹn títí di òní.

Ìgbà tá a fi máa dé inú ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà èrò tó fẹ́ wọ ibojì ti yí ilé kékeré tí ibojì náà wà nínú ẹ̀ po, gáìdì ní bọ́ọ̀sì ò lè dúró mọ́. Màmá Ìtòkò dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ibojì náà, wọn ò wọlé. Ọdún mẹ́fà tí wọ́n fi tọ́jú owó fùfú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tá a ṣe nígbà tá a tún kó ẹgbẹ́ kejì lọ lọ́dún 2022, èèyàn 24, torí ẹ ni mo fi ń kọ gbogbo èyí.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò la ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Gbogbo àárọ̀ Sátidé, a máa pàdé l'Áké, a máa rìn gba Ìtòkú, nígbà tó di oṣù kejì a bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn Olúmọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ agbéniròkè. Bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ Jerúsálẹ́mù ni kí wọ́n wọ̀ síbẹ̀, kánfáàsì tó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, torí ẹsẹ̀ àgbàlagbà máa ń wú nínú pléènì. Ìyá méjì ló fúnra wọn rí i lẹ́nu ìdánrawò yẹn pé orúnkún àwọn ò lè gbé e, dókítà wọn náà sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan dúró sílé. Ìkejì lọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ arọ, a yan ọ̀dọ́kùnrin méjì tì í, kì í ṣe pé à ń dábàá ẹni tó máa tì í nígbà tá a bá débẹ̀.

Ẹni tó dàgbà jù ló ń tẹ̀lé gáìdì. Ẹ kọ èyí sílẹ̀. Àwọn ìyá níwájú, àwọn tó lágbára lẹ́yìn, akọ̀wé ló kẹ́yìn gbogbo wọn pátápátá. Bí ìyá yẹn bá ṣe rìn la máa rìn, tó bá dúró gbogbo wa dúró. Inú gáìdì ò dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ àmọ́ ó gbà nígbẹ̀yìn. Ìyá kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tí kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, títí dé ilé ìtura, títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, a sì fi káàdì kọ́ gbogbo wọn lọ́rùn, orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀ àti nọ́ńbà gáìdì.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí mo dárúkọ yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Àwọn ìyá wa máa ń yẹra fún omi mímu kí wọ́n má baà máa tọ̀ káàkiri, ẹnu á gbẹ, oòrùn á máa pa wọ́n, òògùn bíìpí wà lára, èèyàn á kàn ṣubú ni. Ẹ máa ṣẹ́ owó ṣékélì wẹ́wẹ́ sọ́wọ́ torí ibòmíì wọ́n ń gbowó kí wọ́n tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, ẹ máa sọ fún wọn lójoojúmọ́ pé kí wọ́n mumi. Òògùn wọn kò gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó ń lọ sísàlẹ̀ pléènì, báàgì ọwọ́ ni. Oúnjẹ hòtẹ́ẹ̀lì, búrẹ́dì àti kùkúḿbà àti wàràkàṣì ni láàárọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò lè jẹ ẹ́, ẹ gbé gàrí dání, àmọ́ ẹ má gbé ẹran.

Ibojì Jésù, ẹ lọ síbẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Òótọ́ ni mo ń sọ. Ìdájí ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Nítorí ìjọ oríṣiríṣi ló jọ ni ín, Gíríìkì, Kátólíìkì, Àmẹ́níà àtàwọn míì, ìdílé Mùsùlùmí méjì ni kọ́kọ́rọ́ àti ṣíṣí ilẹ̀kùn wà níkàáwọ́ wọn láti ayé àtijọ́. Ní 2022 a ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣí i, òtútù ń mú wa gan-an, torí Jerúsálẹ́mù wà lórí òkè, ó fi bíi 750 mítà ga ju òkun lọ, súwẹ́tà táwọn èèyàn sọ fún yín wúlò níbẹ̀. Kò sí èrò. Gbogbo àwọn ìyá wa ló wọ ibojì, mẹ́ta mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin, kò sẹ́ni tó ń lé wa. Wọ́n tún ráyè kúnlẹ̀ síbi òkúta tí wọ́n ní wọ́n ti fi òróró pa òkú Jésù lára, ó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, òórùn dídùn máa ń ta lára ẹ̀, àwọn míì tẹ́ gèlè wọn lé e lórí, wọ́n rọra ń fọwọ́ nù ún.

Ẹ dín ibi tẹ́ ẹ máa lọ kù. Ìwé táwọn ẹjẹ́ńtì máa ń fún wa, ibi márùn-ún mẹ́fà lóòjọ́, kó lè dà bíi pé owó wa tó owó ni. A yọ púpọ̀ kúrò. Òkun Gálílì ò ṣeé yọ, inú ọkọ̀ ojú omi lẹ máa jókòó sí, ara máa ń tù wọ́n níbẹ̀, Kápánáúmù náà ilẹ̀ títẹ́jú ni. Kánà dáa fáwọn tọkọtaya, wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó ṣe. Ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ìbí Jésù kò ga ju nǹkan bíi 1.2 mítà lọ, kò sẹ́ni tí kò ní tẹ̀ ba, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ẹ mú un lọ́wọ́, àtẹ̀gùn tó sọ̀ kalẹ̀ síbi ìràwọ̀ fàdákà tí wọ́n fi sàmì síbi tí wọ́n ní wọ́n bí Jésù sí náà há. Lálẹ́ Fúráìdè títí dé alẹ́ Sátidé, Sábáàtì ni lápá ọ̀dọ̀ àwọn Júù, ìsọ̀ máa ń tì, ẹ fi sọ́kàn.

Odò Jọ́dánì, tẹ́ ẹ bá lè yàn, ẹ lọ sí Qasr al-Yahud, ibi tí wọ́n ní Jésù ti ṣèrìbọmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jẹ́ríkò, àtẹ̀gùn wà tó wọ inú omi, irin tẹ́ ẹ máa dì mú sì wà. Omi ẹ̀ pọ́n bí odò Ògùn lásìkò òjò, kò fẹ̀ rárá, òdìkejì tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn orílẹ̀-èdè Jọ́dánì ni. Ibẹ̀ ni Màmá Ìtòkò ti rí ayọ̀ tiwọn ní 2019, pẹ̀lú egbò ẹsẹ̀ yẹn náà, wọ́n di irin mú, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ funfun ń léfòó yí wọn ká, wọ́n jáde, wọ́n ní omi tutù. Àmọ́ wọn ò lè fẹsẹ̀ kan Òkun Iyọ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà, iyọ̀ ibẹ̀ tó bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ti òkun tiwa, ẹni tó ní egbò ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń wò wá.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ní èápọ́ọ̀tù Tel Aviv máa bi yín pé ta ló di ẹrù yín, ṣé ẹnì kankan fún yín ní nǹkan gbé. Ẹ ti kọ́ àwọn ìyá ní ìdáhùn kẹ́ ẹ tó kúrò n'Ábẹ́òkúta, kí ẹni tó gbọ́ Òyìnbó dúró tì wọ́n. Omi Jọ́dánì tí wọ́n bù sínú ìgò, inú àpótí ńlá ni, wọ́n lè má jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wọnú pléènì lọ́wọ́. Ìwé pélébé tí wọ́n fún yín nígbà tẹ́ ẹ wọlé, inú páàsípọ́ọ̀tì ni kó wà títí ẹ máa fi jáde.

Ọ̀rọ̀ owó, ṣókí ni màá sọ. Ẹjẹ́ńtì tá a kọ́kọ́ bá da òwò pọ̀, akáǹtì ara ẹ̀ ló ní ká sanwó sí, a san án, títí dòní a ò rí gbogbo ẹ̀ gbà padà. Akáǹtì ìjọ sí akáǹtì iléeṣẹ́ ni, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tó ń rí sí ìrìnàjò Kristẹni, ti ìpínlẹ̀ Ògùn wà, ti ìjọba àpapọ̀ wà l'Ábùjá. Tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ fi ọmọkùnrin tẹ́ ẹ ò mọ ilé bàbá ẹ̀ kún orúkọ yín, ẹ má gbà, àwọn kan ń sá lọ tí wọ́n bá débẹ̀, gbogbo ìjọ ni wọ́n máa wá bi. Láti oṣù kẹwàá 2023 tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ lágbègbè yẹn, ẹ má san owó kankan láìbéèrè bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn àti bí wọ́n ṣe máa dá owó yín padà tí kò bá ṣeé ṣe mọ́.

Nígbà tí mo dé lọ́dún 2022, Màmá Ìtòkò ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n sọ bí inú ibojì yẹn ṣe rí, bó ṣe fẹ̀ tó. Mo dìde, mo fi bẹ́ẹ̀dì wọn júwe, mo ní ibi tí wọ́n ní wọ́n tẹ́ Jésù sí ò ju báyìí lọ, òkúta mábù ló bò ó, ẹ máa tẹ̀ ba kẹ́ ẹ tó wọlé. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi wọ̀n orí bẹ́ẹ̀dì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n ní, "Ó mọ níwọ̀n báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

Àpótí ìjókòó mẹ́rin tó ń ká pọ̀ tá a gbé lọ nígbà yẹn ṣì wà nílé mi n'Íbàrà. Kò wúwo, ó ń wọnú báàgì. Tẹ́ ẹ bá ti mú ọjọ́, kẹ́ni kan wá gbé e, àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ìrìn Sátidé yẹn ná.