Ẹ Bi Wá Léèrè: Ìwádìí Lórí Oyún, Ta Ni Ó Ń Dáàbò Bò?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú jáde nínú àwọn tí ẹ kọ sí wa lórí ìlera aláboyún àti ọlẹ̀ inú rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni ó wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ìtọ́jú kan yóò ṣe ìyá àti ọmọ lóore, kí ó tó gbà á?

Ẹ kú iṣẹ́ ìlanilọ́yẹ̀, ẹ̀yin olùdáhùn wa. Ẹ̀jẹ̀ mi ru gan-an nígbà oyún mi àkọ́kọ́, wọ́n sì ní láti gbẹ̀bí ọmọ náà kí oṣù rẹ̀ tó pé. Mo ti tún lóyún, mo sì wà ní ọ̀sẹ̀ 13. Dókítà ní kí n máa lo aspirin lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ oògùn orí fífọ́ ni mo mọ̀ ọ́n sí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà. Ṣé kò ní pa ọmọ mi lára? – Aláboyún tí àyà rẹ̀ ń já

Ìbẹ̀rù yín tọ̀nà, nítorí aláboyún kò gbọdọ̀ kàn fi oògùn sẹ́nu láìbéèrè. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn tí dókítà fún yín bá ohun tí ìwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ mu.

Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe àìsàn náà, ó jọ èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pre-eclampsia. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tí ó máa ń yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 oyún, tí purotéènì sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde pẹ̀lú rẹ̀, tí ó sì lè ba kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ jẹ́. Olóbi, ìyẹn ibi ọmọ, ni gbòǹgbò rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, ó yẹ kí olóbi mú kí ojú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ fẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń la ojú omi wọ oko, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn wọlé láìsí ìdíwọ́. Bí iṣẹ́ yìí kò bá parí, olóbi kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó, yóò sì máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, tí yóò máa pa inú àwọn iṣan rẹ̀ lára. Nígbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá fi máa lọ sókè ní oṣù keje tàbí oṣù kẹjọ, ohun tí ó fà á ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ìdí nìyí tí dókítà yín kò fi dúró kí ara yín ṣe ségesège kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú.

Ọ̀nà tí aspirin gbà dé ibi tí ó dé yìí kò lọ tààrà. Ní ọdún 1994, èsì ìwádìí ńlá kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CLASP jáde. Àwọn obìnrin tí ó lé ní 9,000 ni ó kópa nínú rẹ̀, 60 mílígíráàmù ni wọ́n sì fi dánwò, ṣùgbọ́n àǹfààní tí wọ́n rí kò tó èyí tí ènìyàn lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Kì bá yani lẹ́nu bí wọ́n bá pa á tì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kan ń bá a lọ láti bèèrè bóyá ìwọ̀n oògùn náà ló kéré jù, àti bóyá ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ti pẹ́ jù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ní ọdún 2017 ni èsì ìwádìí ASPRE jáde. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò láti mọ àwọn aláboyún tí ewu wọn pọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fún apá kan ní 150 mílígíráàmù lálaalẹ́, láti ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 títí di ọ̀sẹ̀ 36, tí wọ́n sì fún apá kejì ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Nínú àwọn 822 tí kò gba aspirin, 35 ni àìsàn náà mú tí wọ́n sì bímọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37. Nínú àwọn 798 tí ó gbà á, 13 péré ni. Oògùn náà kò dí ọ̀nà mọ́ irú àìsàn náà tí ó ń dé nígbà tí oṣù bá ti pé, nítorí náà ẹ má ṣe tìtorí pé ẹ ń lo aspirin pa ọjọ́ àyẹ̀wò ìfúnpá kankan jẹ.

Ní ti ẹ̀jẹ̀ dídà, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín, nítorí aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Bí ẹ bá ní ọgbẹ́ inú, bí ẹ̀jẹ̀ yín kì í bá tètè dá nígbà tí ẹ bá fara pa, tàbí bí ara yín bá ti kọ aspirin rí, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fún aláboyún kéré púpọ̀ sí ti orí fífọ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá 75 mílígíráàmù, àwọn mìíràn ń lo 81, àwọn mìíràn sì ń lo 150. Èyí tí dókítà bá kọ fún yín ni kí ẹ lò, ẹ má sì ṣe gé hóró orí fífọ́ sí wẹ́wẹ́ fúnra yín. Bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi, tí ojú yín ń ṣú, tí ìrora wà lábẹ́ egungun ìhà yín ní apá ọ̀tún, tàbí tí ojú àti ọwọ́ yín ṣàdédé wú, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ.

Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Níbi tí ìyàwó mi ti ń gba ìtọ́jú oyún, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kópa nínú ìwádìí lórí oògùn fún àwọn tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n bímọ kí oṣù tó pé. Ìyá mi fárí gá, wọ́n ní ọmọ ọmọ àwọn kì í ṣe eku tí wọ́n fi ń dán oògùn wò. Ìyàwó mi ń ronú sí i, èmi kò sì mọ ẹni tí n ó gbè lẹ́yìn. – Ọkọ tí ó wà láàrin

Ìbẹ̀rù màmá kì í ṣe ti òní. Láti ọdún 1957 ni wọ́n ti ń ta oògùn kan tí ń jẹ́ thalidomide ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì, tí ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn aláboyún ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó o kúrò lọ́jà ní ìparí ọdún 1961, àwọn ọmọ tí ó ti ṣe léṣe láti inú oyún lé ní 10,000, tí apá tàbí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dàgbà bí ó ṣe yẹ. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́ níbẹ̀ ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí aláboyún sún mọ́ ìwádìí oògùn mọ́.

Èmi kò fara mọ́ ẹ̀kọ́ yẹn. Orí àtẹ ni àwọn ìyá náà ti ra thalidomide, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ti dán an wò bí ó ti yẹ kí wọ́n tó máa sọ fún aláboyún pé kò léwu. Ní Amẹ́ríkà, Frances Kelsey, dókítà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní àjọ tí ń yẹ oògùn wò níbẹ̀, kọ̀ láti fọwọ́ sí i nítorí pé ẹ̀rí tí ilé-iṣẹ́ náà kó wá kò tó. Bíbéèrè ẹ̀rí ni ó gba àwọn ọmọ tibẹ̀ là. Bí a bá yọ aláboyún kúrò nínú ìwádìí, ewu oògùn kì í bá wọn jáde. Yóò kàn di ohun tí obìnrin kọ̀ọ̀kan ń dá rù, láìsí ẹni tí ó ń kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n. Gbogbo wa rí i ní ọdún 2020, nígbà tí àwọn ìwádìí ńlá àkọ́kọ́ lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà kò gba aláboyún, bẹ́ẹ̀ àrùn náà máa ń le jù lára wọn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé gan-an ni ó fi èyí hàn jù. Graham Liggins, dókítà kan ní ìlú Auckland ní New Zealand, ń ṣe ìwádìí lórí àgùntàn nígbà tí ó kíyè sí i pé ọmọ àgùntàn kan tí ó ti gba oògùn steroid, èyí tí ń mú kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ inú tètè gbó, kí wọ́n tó bí i ń mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ rẹ̀ kò pé rárá. Òun àti Ross Howie, dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, dán an wò láàrin àwọn ìyá 282, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1972: ìṣòro mímí dín kù láàrin àwọn ọmọ tí ìyá wọn gba abẹ́rẹ́ steroid náà, ikú sì dín. Síbẹ̀, ó di ọdún 1994 kí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà oníṣègùn ní Amẹ́ríkà tó sọ pé kí wọ́n máa lò ó káàkiri. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí iye ọmọ tí ọdún méjìlélógún yẹn lè ti ná wa.

Ìtàn náà kò sì parí síbẹ̀. Ní ọdún 2015, èsì ìwádìí kan láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà fi hàn pé nígbà tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ yìí dé àwọn agbègbè tí ìtọ́jú ọmọ tuntun kò ti múná dóko, ikú ọmọ kò dín. Ó tilẹ̀ pọ̀ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé wá tún un dán wò nínú ìwádìí ACTION ní Bangladesh, Íńdíà, Kẹ́ńyà, Nàìjíríà àti Pakistan, láàrin àwọn ìyá 2,852, ní àwọn ilé ìwòsàn tí ó ní irinṣẹ́, tí wọ́n sì fi àwòrán inú mọ ọjọ́ orí oyún dájú. Nínú àwọn ọmọ tí a bí láàyè, ìdá 19.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú nínú àwọn tí ìyá wọn gba oògùn náà, nígbà tí ó jẹ́ ìdá 23.5 nínú àwọn yòókù. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣọ́ ìwádìí náà dá a dúró ṣáájú àkókò, nítorí pé àǹfààní rẹ̀ ti hàn kedere.

Ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó wà nínú ìwádìí tí wọ́n fi lọ ìyàwó yín. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí ó ń kópa. Ẹ bèèrè ohun tí a ti mọ̀ nípa oògùn náà tẹ́lẹ̀, ìtọ́jú tí yóò gbà bí ó bá bọ́ sí apá tí kò ní oògùn, ẹni tí yóò tọ́jú òun àti ọmọ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àti iye ìgbà tí wọn yóò fi tẹ̀ lé ìdàgbàsókè ọmọ náà. Wọ́n gbọdọ̀ ṣàlàyé ìwé ìfọwọ́sí fún un ní èdè tí ó yé e. Ó lè kọ̀, ó sì lè jáde nígbàkigbà láìjẹ́ pé wọ́n fi ìtọ́jú dù ú; bí wọ́n bá kán an lójú tàbí tí wọ́n yẹ ìbéèrè sílẹ̀, kí ó má fọwọ́ sí i. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún màmá, ṣùgbọ́n ìyàwó yín ni ó ni ìpinnu.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀sẹ̀ 29 ni mo wà. Ọ̀rẹ́ mi ra ẹ̀rọ kékeré tí ń gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ nílé, ó ní kí n ra tèmi. Ṣé ó dára ju kí n máa ka iye ìgbà tí ọmọ tapá lọ? – Ìyá ìkókó lọ́la

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ náà. Ó rọrùn kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ gbọ́ ìlù ọkàn tirẹ̀ tàbí ìró ẹ̀jẹ̀ inú olóbi, kí ó sì rò pé ti ọmọ ni, kí ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ nígbà tí kò yẹ kí ó balẹ̀. Kò sí iye ìtapá kan tí ó bá gbogbo ọmọ mu. Bí ọmọ tiyín ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ ni kí ẹ mọ̀. Òótọ́ ni pé ìwádìí AFFIRM, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018 láti ilé ìwòsàn 33 ní Bìrìtìkó àti Ireland, kò rí i pé ètò ìlanilọ́yẹ̀ àti àyẹ̀wò tí wọ́n gbé kalẹ̀ lórí rẹ̀ dín òkú ọmọ bíbí kù tó bí wọ́n ṣe retí. Síbẹ̀, kí ọmọ má mira mọ́ bí ó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lè jẹ́ àmì pé ara rẹ̀ kò yá, kò sì yẹ kí a fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní oṣù tí ẹ wà yìí, ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ fi máa sùn, nítorí àwọn ìwádìí ti so fífi ẹ̀yìn sùn láti ọ̀sẹ̀ 28 mọ́ ewu òkú ọmọ bíbí; bí ẹ bá sì jí tí ẹ rí i pé ẹ ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ kàn yí padà. Bí ìmira ọmọ bá dín kù, ẹ pe agbẹ̀bí yín tàbí kí ẹ lọ bá a lójú ẹsẹ̀, ní ọ̀sán tàbí ní òru. Bí wọ́n bá yẹ̀ yín wò tí wọ́n ní kò séwu, tí ó sì tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ tún padà lọ.