Ilẹ̀ ọ̀rẹ́ mi há sáàárín tèmi: ṣé kí n lo mod?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Hearts of Iron IV, géèmù Ogun Àgbáyé Kejì lórí kọ̀ǹpútà, ni mò ń gbá. Jámánì ni mo mú, Ítálì sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. A jọ ṣẹ́gun Yugoslavia, àmọ́ nígbà tí a ń pín ìkógun, Ítálì mú Croatia. Slovenia, Bosnia àti Dalmatia wà lọ́wọ́ mi, tiwọn sì dúró gbọingbọin láàárín. Mo fẹ́ fi Dalmatia gba Croatia, géèmù kò gbà fún mi. Mo rí mod kan (àfikún tí àwọn òǹgbá ń ṣe fún géèmù) tó ń ṣe irú pàṣípààrọ̀ yìí. Ṣé kò ní ba géèmù mi jẹ́?
— Ẹni tí ààlà rẹ̀ wọ́

ÌDÁHÙN: Ká ní ogun yín ṣì ń lọ ni, ẹ ò bá má wá mod rárá. Géèmù fúnra rẹ̀ jẹ́ kí alájọṣe yọ̀ǹda àkóso ilẹ̀ tí wọ́n gbà fún ara wọn. Àmọ́ àkóso nìyẹn. Ìpàdé àlàáfíà ló ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀, ẹ sì ti kọjá ibẹ̀.

Èmi ò rí ohun tó burú nínú mod. Ohun tí mo kórìíra ni èyí tó ń sọ alájọṣe di ọ̀dẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì rẹ̀ wò. Gbólóhùn tó ń gbé ilẹ̀ kò ju transfer_state àti nọ́ńbà ìpínlẹ̀ náà lọ. Ẹnikẹ́ni lè kọ ìyẹn. Ibi tí ọgbọ́n wà ni ìdáhùn Ítálì. Ẹ wá ai_chance, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó kí kọ̀ǹpútà mú ìdáhùn kan, nínú àpò events. Bí 100 bá wà lábẹ́ “a gbà”, tí òdo wà lábẹ́ “a kọ̀”, tí kò sí àlàyé kankan nípa iye iléeṣẹ́ tàbí bóyá ilẹ̀ náà jẹ́ ti ìbílẹ̀ wọn, a jẹ́ pé jìbìtì lẹ fẹ́ lù wọ́n. Géèmù mìíràn, Total War: Three Kingdoms, tó jáde lọ́dún 2019, fi ilẹ̀ sínú àdéhùn láìsí mod, ó sì ń fi nọ́ńbà hàn yín bóyá ẹnìkejì máa gbà. Mod tó bá gbìyànjú irú ẹ̀ ni kí ẹ mú.

Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi Croatia ṣe? Àwọn ọmọ ogun yín lè gba ilẹ̀ ọ̀rẹ́ kọjá. Tó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ibẹ̀ lẹ ń wò, ẹ rántí pé ilẹ̀ tí kì í ṣe core yín (ìyẹn ilẹ̀ tí géèmù kà sí ti ìbílẹ̀ yín) kì í fún yín ní gbogbo iléeṣẹ́ rẹ̀, ènìyàn tí ẹ máa kó síṣẹ́ ogun níbẹ̀ á sì kéré. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwòrán máàpù ló ń bí yín nínú. Kò burú, ó máa ń bí èmi náà.

Ní ti bíba géèmù jẹ́: àmì ẹ̀yẹ Steam á dáwọ́ dúró, torí mod yẹn á yí checksum padà, ìyẹn àmì tí géèmù fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ti yí fáìlì rẹ̀ padà. Ẹni tí ẹ bá jọ ń gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ ní mod kan náà. Ẹ sì ṣe ẹ̀dà géèmù tí ẹ fi pamọ́ kí ẹ tó tan mod.

Lórí ẹ̀dà yẹn, ẹ má tíì béèrè Croatia. Ẹ fi Dalmatia béèrè ìpínlẹ̀ tí Róòmù wà. Bí Ítálì bá gbà, ẹ yọ mod náà kúrò.