Ṣé dandan ni kó rò ó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin wà nínú bọ́ọ̀sì tó gbókìtì lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Òun ò fara pa púpọ̀ àmọ́ ẹni tó jókòó tì í kú. Kì í rí oorun sùn, tó bá gbọ́ họ́ọ̀nù á ta gìrì. Gbogbo ẹni tó wá kí wa l'Ókè-Fíà ló ń ní kó rò ó fáwọn látìbẹ̀rẹ̀ kó lè kúrò lọ́kàn ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tiẹ̀ ra Lexotan, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, fún un ní kẹ́míìsì. Ṣé ohun tá à ń ṣe dáa? Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu o. Ti pé kó rò ó yẹn, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ gbà á gbọ́. Ní 1983, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeffrey Mitchell l'Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde fáwọn panápaná, pé kí wọ́n kóra jọ láàárín ọjọ́ mélòó kan kí kálukú sọ ohun tójú ẹ̀ rí, bó ṣe tàn kálẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n wá dán irú ẹ̀ wò fáwọn tíná jó ní Wales n'Ílùú Ọba, èsì ẹ̀ jáde ní 1997: lẹ́yìn oṣù 13, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ní kó ròyìn, jìnnìjìnnì ẹ̀ ti di àìsàn sára 26, àwọn tí wọn ò bi ní nǹkan kan, 9 péré. (Ká sòótọ́, ọṣẹ́ tíná ṣe fáwọn tó ròyìn yẹn ti ju tàwọn tó kù lọ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìròyìn náà ò ṣáà gbà wọ́n.)

Ẹ jẹ́ kó jẹun, kó máa rẹ́ni bá jókòó, tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ gbọ́, tí ò bá fẹ́, ẹ fi í lẹ̀. Lexotan ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé WHO ti sọ ọ́ ní 2013 pé kí wọ́n má fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ tọ́jú jìnnìjìnnì láàárín oṣù kan àkọ́kọ́, ó sì máa ń di bárakú. Tó bá ti ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ bi dókítà kó tó jáwọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bọ́ nínú ẹ̀ fúnra wọn. Tó bá lé lóṣù kan tí ò rọlẹ̀, tàbí tó ń le sí i, ẹ mú un lọ UNIOSUN Teaching Hospital kẹ́ ẹ béèrè dókítà ọpọlọ, ẹ má wo ti pé aráàlú á ní ó ya wèrè. Tó bá ń sọ pé òun ìbá kúkú ti kú, ẹ má dúró dọ̀la. Wọ́n máa mú un sọ̀rọ̀ lọ́sibítù náà o, àmọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ni, díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kì í ṣe èrò mẹ́wàá ní pálọ̀, kẹ́rù ọkọ̀ sì lè kúrò lára ẹ̀, wọ́n lè ní kó kọ́kọ́ lọ dúró wo ọkọ̀ ní Old Garage, ọjọ́ míì kó wọ kòròpe dé Ọláìyá.