Mọ́tò Asáré: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, gbogbo wọn lórí mọ́tò onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ lágbára ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí àkọ́kọ́ la fún láyè jù, torí ọkọ̀ inú rẹ̀ lè kú lọ́la.

ÌBÉÈRÈ: Mo ra BMW M5 ọdún 2006, tòkunbọ̀. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ọ́ìlì ló ń béèrè ṣáá. Mẹkáníìkì mi ní kí n máa da 20W-50 sí i torí pé ó ki. Láàárọ̀, bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí i, mo máa ń gbọ́ kó-kó-kó nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ṣé kí n tú ẹ́ńjìnì ni àbí kí n máa wà á lọ?
Òǹkàwé kan, Baṣiri, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì tú u, ẹ má sì wà á lọ síbì kankan. Kó-kó-kó yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ti ọ́ìlì tó ń béèrè, kékeré ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ọ́ìlì kúrò nílẹ̀. S85 ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnì yín: sílíńdà 10, lítà 5, agbára ẹṣin 507, ó sì ń yí dé 8,250 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń yí tó báyẹn, á mu ọ́ìlì. Tí lítà kan bá ń lọ láàárín kílómítà 1,500 sí 2,500, kò sóhun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi í lọ Èkó lẹ́ẹ̀kan tí ẹ padà sí Adó, tí lítà kan sì ti lọ, ìyẹn ti kọjá àlà. 10W-60 ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kí wọ́n máa dà sí i. Lítà 9.3 ló ń gbà bí ẹ bá pààrọ̀ fílítà, nítorí náà gálọ́ọ̀nù onílítà 4 méjì kò tó. Ẹ fi onílítà kan méjì kún un, kí ìyókù wà nínú búùtù. Kò sí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yìí. Ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ ti máa rí i, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná. Mẹkáníìkì tó bá ń wá ọ̀pá kiri lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ti mọ̀ pé irú ọkọ̀ yìí kò wọ ọgbà rẹ̀ rí.

Ó wá ku ariwo. Kọ́ọ̀n-rọ́ọ̀dù 10 ló so písítìn mọ́ kiráńkì, ọ̀pá irin tó ń yí nísàlẹ̀, nínú ẹ́ńjìnì yẹn. Níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di kiráńkì mú, awẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọ́ìlì ló sì ń ya àwọn àti kiráńkì sọ́tọ̀. Awẹ́ yẹn ni kọ́ọ̀n-bẹ́árìn. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ́ìlì nínú S85 há, 10W-60 sì ki nígbà tó bá tutù. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìdájí, irin ń ha irin nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni awẹ́ ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀, títí àyè á fi gbà á láti máa kan kó-kó-kó. M3 onísílíńdà 8 tó jáde láyé ìgbà kan náà ní irú àrùn yìí, torí ọmọ ìyá ni ẹ́ńjìnì méjèèjì.

Ẹ lè mọ̀ láìtú nǹkan kan. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, ẹ da ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú abọ́ funfun tó mọ́, ẹ yọ fílítà. Ẹ fi ọ̀bẹ gé bébà inú fílítà náà kúrò, ẹ fún ọ́ìlì ara rẹ̀ dànù, kí ẹ tẹ́ ẹ sínú oòrùn, kí ẹ la ìṣẹ́po rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí ohun tó ń dán wínníwínní bí ìpẹ́ ẹja, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin lásán ni, ó lè wá láti ibòmíràn. Èyí tí kò bá lẹ̀, tó pọ́n bíi bàbà tàbí tó rí bí òjé, ara bẹ́árìn ló ti wá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣíná sí i mọ́.

Iṣẹ́ náà kò ní kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀. Wọ́n á fi irin gbé e dúró láti òkè, wọ́n á sọ férémù iwájú sílẹ̀, wọ́n á wá yọ àwo ọ́ìlì. Ohun tí ẹ máa rà ni awẹ́ bẹ́árìn 20, bóòtù kọ́ọ̀n-rọ́ọ̀dù 20, gáskẹ́ẹ̀tì àwo ọ́ìlì, fílítà àti ọ́ìlì lítà 10. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ bóòtù ṣeré. Nígbà tí wọ́n bá fún un, ṣe ló ń nà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè nà. Ẹni tó bá ní "èyí tó wà níbẹ̀ ṣì le dáadáa", tàbí tó fẹ́ fi ọwọ́ wọn bó ṣe le tó láìlo sípánà oníwọ̀n, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ awẹ́ tán tí ojú kiráńkì ti hó, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní bẹ́árìn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ fá. Ẹ wá kiráńkì tó dára tàbí odindi ẹ́ńjìnì. Tí wọ́n bá dá férémù padà, ẹ lọ ṣe alignment.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ máa wo aago tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì. Àwọn iná kéékèèké kan wà ní etí rẹ̀ tó ń kú bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kí wọ́n tó kú, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kọjá 3,500. Láti Baṣiri dé Fájúyì kò tíì tó o.

Ẹ tún ṣe èyí kí ẹ tó náwó: ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ láàárọ̀ láìtíì ṣíná, ẹ tẹ́tí. Tó bá jẹ́ gíà SMG ni, èyí tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì ẹsẹ̀, ẹ ó gbọ́ pọ́ńpù rẹ̀ tó ń kùn fún ìgbà díẹ̀, tó sì dákẹ́. Tí kò bá kùn rárá, ẹ kọ́kọ́ wo rílé (relay) rẹ̀, swíìṣì kékeré tó ń fún un níná, torí òun ló dínwó jù. Tó bá ń kùn tí kò dákẹ́, ó ń jò níbì kan tàbí kò lè di agbára mú mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ̀ tuntun ni tèmi. Èkó ni mo ti rà á, wáráńtì ọdún mẹ́ta. Lóṣù kọkànlá, gíà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí mo bá ń gun òkè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé e padà, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní epo burúkú tí mò ń rà ní Èkìtì ló fà á.
Oníṣòwò kan, Ìkéré-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ má fẹnu bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ohun tí ẹ sọ lórí káńtà, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wáráńtì bá parí. "A ò rí nǹkan kan" tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ṣé ẹ gba ìwé rẹ̀? Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá wọ ọgbà wọn, ẹ gba káàdì iṣẹ́ tó ní déètì, iye kílómítà, ohun tí ẹ ní ó ń ṣe àti ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá sọ pé "gíà ń fò láti kejì sí ìkẹta, tí ọkọ̀ bá gbóná, lórí òkè", tí akọ̀wé wá kọ "oníbàárà ní kí a wo gíà", ẹ ní kó tún un kọ. Káàdì tó ní wọn ò rí nǹkan kan gan-an ni ohun ìjà yín: ó fi hàn pé ẹ ti mú ẹjọ́ wá nígbà tí wáráńtì ṣì wà láàyè.

Èkó tẹ́jú. Gíà tó ń fò lórí òkè Ẹ̀fọ̀n lè má fò rárá lábẹ́ ẹni tó bá wà á yíká ọgbà wọn. Ẹ ní kí ẹnì kan jókòó ti yín, kó fi fóònù ya ojú dáṣíbọ́ọ̀dù bí ẹ ṣe ń gun òkè, kí nọ́ńbà gíà, eré ọkọ̀ àti aago yíyí ẹ́ńjìnì hàn pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mú sítíárìn kọ́ ló máa yà á o. Nígbà tí ẹ bá dé Èkó, ẹ ní kí oníṣẹ́ wọn bá yín wọ ọkọ̀ gun afárá tó ga. Kó tó dìgbà náà, kí rewáyà àdúgbò má pa kóòdù àrùn tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ bátìrì. Yàtọ̀ sí orúkọ àrùn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń tọ́jú bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀: eré, ooru, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó.

Ní ti epo, òótọ́ ni pé epo burúkú ń ba ínjẹ́kítọ̀, pọ́lọ́ọ̀gì àti pọ́ńpù epo jẹ́. Kì í dé inú gíà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà jàre ni pé ẹ́ńjìnì ló ń kọ́ tó wá dà bíi pé gíà ni, kóòdù á sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè fún kóòdù náà lórí bébà. Lọ́wọ́ yín, ẹ fa epo lítà kan láti inú táńkì sínú ìgò onígíláàsì tó mọ́, ẹ gbé e jìnnà síná, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí omi bá wà níbẹ̀, á lọ dúró nísàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà rẹ̀ kedere. Ẹ so rísíìtì ilé epo mọ́ ọn.

Ẹ wá kọ íméèlì: VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ tó ní àmì 17, ọjọ́ tí ẹ rà á, ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ gbé e lọ, kílómítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, fídíò, ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, àti ọjọ́ tí ẹ ń retí èsì. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà. Ẹ ò ní láti kúrò ní Ìkéré kí ẹ tó ṣe é.

Bí gíà bá sì kọ̀ pátápátá, ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ni kí ẹ fi gbé e, kí gbogbo táyà kúrò nílẹ̀. Ẹ́ńjìnì ló ń yí pọ́ńpù tó ń gbé ọ́ìlì wọ inú gíà aládàáṣe. Bí wọ́n bá fi okùn fà á, gíà ń yí láìsí ọ́ìlì, ẹ̀yin gan-an lẹ ó sì jẹ̀bi.

ÌBÉÈRÈ: Mercedes C63 ọdún 2009. Omi rédíétọ̀ ń dín, mi ò rí ibi tó ń jò. Láàárọ̀, èéfín funfun á rú díẹ̀, ẹ́ńjìnì á gbọ̀n kó tó dúró ire. Mẹkáníìkì ní kí n máa fi omi kún un.
Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ́ńjìnì M156 nìyẹn, sílíńdà 8, 6,208 cc. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2011 ní àléébù kan tí àwọn tó ń tún un ṣe mọ̀ bí ẹni mowó: àwọn bóòtù tó di tọ́pù mọ́ ẹ́ńjìnì. Orí bóòtù á dípẹtà, á sán, á já. Tí ọkọ̀ bá wá dúró lóru, kúláǹtì (omi rédíétọ̀ yẹn) á máa rìn wọ inú sílíńdà. Òun ló ń jóná tẹ́ ẹ fi ń rí èéfín.

Ewu ibẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún. Lọ́jọ́ tó bá kún sílíńdà tí ẹ ṣíná, kọ́ọ̀n-rọ́ọ̀dù á tẹ̀. Nítorí náà, ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́jọ̀ọ̀jọ, ẹ tò wọ́n sórí bébà bí wọ́n ṣe wà nínú ẹ́ńjìnì. Àwọn tó kù á ní àwọ̀ eérú tàbí ti kọfí. Èyí tó bá mọ́ fónífóní bíi pé wọ́n fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, sílíńdà tí omi ń wọ̀ nìyẹn. Bó bá ṣì rú yín lójú, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fún afẹ́fẹ́ sínú ìkòkò kúláǹtì dé ìwọ̀n tó wà lára ìdérí rẹ̀, kó sun bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì ti kámẹ́rà tín-ín-rín bọ ojú ihò pọ́lọ́ọ̀gì láàárọ̀.

Ká ní bóòtù kò tíì já ni, wọ́n ì bá pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìgbé tọ́pù. Tiyín ti kọjá bẹ́ẹ̀: tọ́pù á kúrò, wọ́n á wò ó bóyá ó ṣì tẹ́jú, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, bóòtù tuntun irú èyí tí wọ́n tún ṣe lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ti ṣí i, kí wọ́n fi èékánná yẹ kámù àti tápẹ́ẹ̀tì wò. Tí ìlà bá ti wà lára wọn, ẹ pààrọ̀ wọn níjókòó kan náà, kí ẹ má san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kúláǹtì àti omi tí kò ní iyọ̀ kankan (distilled water), ìdajì sí ìdajì, ni kí ẹ dà sí i padà. Omi kànga ń sọ inú ẹ́ńjìnì di ìpẹtà.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ̀ tí mo kó wá láti Amẹ́ríkà kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ṣé wáráńtì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbí?
Ìkọ̀lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Rárá, lọ́pọ̀ ìgbà. Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ti ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ ìbánigbófò ti kọ sílẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá sábà máa ń kú lọ́hùn-ún kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìpèpadà nítorí ààbò (recall) ni ẹ wò: ẹ tẹ VIN yín sórí ojú ewé NHTSA, àjọ tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá ọ̀rọ̀ báàgì afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe jù lọ, tó kan BMW àti C-Class púpọ̀ tó ti dàgbà. Ẹ̀tù inú rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, àpótí irin rẹ̀ sì lè bú sójú awakọ̀. Ojú ọjọ́ wa sì nìyẹn. Bí nọ́ńbà yín bá wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí aṣojú ilé iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin kan ní òun máa fi laptop fi agbára ẹṣin 60 kún tèmi. Wáráńtì mi ku ọdún kan.
Ọ̀yẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ń ka iye ìgbà tí wọ́n kọ ètò tuntun sínú rẹ̀, kíkà náà kì í sì í padà sẹ́yìn bí ẹ bá dá ti àtijọ́ padà. Tó bá wá padà dé, ẹ bi í pé epo tí ìwọ̀n octane rẹ̀ jẹ́ mélòó ló fi ṣètò náà. Bó bá ní 98, kó mú yín lọ sí ilé epo tó ń tà á ní Èkìtì.