Ṣé ìfun ọmọ mi ni, àbí ó ń tàn mí ni?

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin, ẹni ọdún 24, ti ní àìsàn celiac láti ọmọ ọdún 15, tí ìfun rẹ̀ kò fi gba ohunkóhun tó bá ní àlìkámà nínú. Nígbà tó pé 17 ni anorexia nervosa tún dé: ó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ẹ̀rù pé òun yóò sanra. Dókítà ìfun ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, kí ẹ lọ bá dókítà ọpọlọ. Dókítà ọpọlọ ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ tọ́jú ikùn. Ẹ wá béèrè bóyá irọ́ ló ń pa tó bá ní inú ń wú òun, àti bóyá ìrètí ṣì wà lẹ́yìn ọdún 7.

Kì í ṣe irọ́. Bí ènìyàn kò bá jẹun kánú fún ìgbà pípẹ́, ikùn fúnra rẹ̀ á di onílọ̀ọ́ra: ìwọ̀nba tó jẹ kò ní tètè dà, inú á wú, ìgbẹ́ á le. Ó ń ṣe ẹni tí kò ní celiac rárá bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tó ń jẹ déédéé ló sì máa ń mú un lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ máa ń ni í lára. Àmọ́ ẹ tún ní ó máa ń ka ẹ̀yìn páálí ìrẹsì lẹ́ẹ̀mejì, kó sì tún ti àwo sẹ́yìn. Ìrẹsì kò ní àlìkámà, Ìyá. Ibẹ̀ yẹn ni anorexia ti yá aṣọ celiac wọ̀. Ẹ ní kí dókítà ìfun kọ èèwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín: àlìkámà, ọkà bálì, ọkà rye àti ohun tí wọ́n bá fi wọ́n ṣe. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì í ru ìfun.

Ìwádìí kan tó jáde ní Sweden ní 2017 fi hàn pé anorexia wọ́pọ̀ lára àwọn obìnrin tó ní celiac ju àwọn tí kò ní in lọ, ìbáà jẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé celiac ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, kí dókítà kan má lé yín sí èkejì mọ́.

Eegun ló ń kọ mí lóminú jù, torí àìsàn méjèèjì ló ń sọ ọ́ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò eegun. Bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró, tí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí wá ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ má rò pé eegun ti bọ́ nínú ewu nìyẹn.

Ẹ má sì déédéé bu oúnjẹ rẹpẹtẹ fún un. Ara tí ebi ti pa pẹ́, bó bá ṣàdédé rí oúnjẹ púpọ̀, èròjà phosphate inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, kó sì kan ọkàn. Ilé ìwòsàn ni kó bá yín díwọ̀n rẹ̀. Bó bá dákú, tàbí tó lóṣòó tí kò lè dìde, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì.

Mi ò ní tàn yín, anorexia ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ní Boston, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó ní in títí di nǹkan bí ọdún 22. Ní nǹkan bí ọdún 9, bíi 31 nínú 100 ló ti yá. Nígbà tó fi máa di ọdún 22, ó ti di bíi 63. Ọdún 7 ti ọmọ yín kò tíì pẹ́ jù.

Lẹ́tà kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ sí dókítà méjèèjì, kí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Kí ọmọ náà kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́.