Mọ̀rèmi fi Olúorogbo rúbọ, Ọlọ́run fi Jésù rúbọ: ṣé ọ̀kan náà ni?

Ọmọkùnrin kan láti Ìkìjà, níbí ní Abẹ́òkúta, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá mi àgbà kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ṣì máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ sí ojúbọ Olúmọ. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé Jésù kú fún wa, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: 'Mọ̀rèmi fi Olúorogbo rúbọ kí Ifẹ̀ lè sinmi. Ọlọ́run tiyín náà fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Kí lẹ wá ń bá ẹbọ jà sí?' N kò rí èsì fọ̀. Ká sòótọ́, èmi náà máa ń rò ó. Bí Ọlọ́run bá lágbára láti dárí jini, kí ló dé tí kò kàn dárí jì wá? Kí ló mú un di ènìyàn, kó tún wá kú? Bí Jésù bá sì jẹ́ Ọlọ́run, ṣé Ọlọ́run kú ni?"

Àbúrò mi, bàbá àgbà rẹ kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Àwọn oníwàásù kan ì bá ti fi wọ́n ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n Bíbélì fúnra rẹ̀ ló pe ikú Jésù ní ẹbọ. Ìwé Hébérù fẹ́rẹ̀ẹ́ má sọ nǹkan mìíràn láti orí keje dé orí kẹwàá. Ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀sìn Kristi kò ní ohun kankan ṣe pẹ̀lú ẹbọ, kò tíì ka Bíbélì rẹ̀ dáadáa.

Jẹ́ ká wo ìtàn Mọ̀rèmi bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́. Àwọn ará Ùgbò a máa fi ìko bora, wọn a wọ Ifẹ̀ bí iwin, wọn a kó ènìyàn àti ẹrù lọ. Mọ̀rèmi lọ bá odò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí odò bá bá òun ṣe é tí òun fi mọ àṣírí wọn, ohunkóhun tí odò bá béèrè ni òun yóò fi san án. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú, ó mọ àṣírí, ó sá padà wálé, Ifẹ̀ sì fi ògùṣọ̀ dúró de àwọn oníìko. Nígbà tó wá fẹ́ san ẹ̀jẹ́, ẹran tó kó wá, odò kò gbà á. Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ni odò ń fẹ́. Títí di òní ni wọ́n ń ṣe ọdún Ẹdì ní Ifẹ̀ ní ìrántí rẹ̀.

Ta ló jẹ gbèsè nínú ìtàn yìí? Mọ̀rèmi ni. Ta ló ń gbà á? Odò ni. Ta ló wá kú sí i? Olúorogbo, tí kò bá ẹnikẹ́ni jẹ́ ẹ̀jẹ́.

Wàyí o, ká ní bí a ṣe ń sọ ìtàn Jésù nìyí: ènìyàn ṣẹ̀, Ọlọ́run bínú, ó wá ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, wọ́n pa onítọ̀hún, inú Ọlọ́run wá rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyẹn, bàbá àgbà rẹ jàre. Ti Mọ̀rèmi tilẹ̀ sàn jù ú lọ, nítorí kò tẹ́ Mọ̀rèmi lọ́rùn láti fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó sì dùn mí láti sọ pé báyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń wàásù rẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere.

Ohun tó yí gbogbo rẹ̀ padà ni ẹni tí Jésù jẹ́. Ìgbàgbọ́ ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tó wà lórí igi yẹn kì í ṣe ẹni kẹta tí Ọlọ́run rí mú lójú ọ̀nà. Ọlọ́run tí a ṣẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì pé Ọlọ́run wà nínú Kristi, ó ń bá aráyé làjà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀ sì sọ nínú Jòhánù orí kẹwàá pé kò sí ẹni tó gba ẹ̀mí òun lọ́wọ́ òun, òun fúnra òun lòun fi í lélẹ̀. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ló wá san gbèsè. Bí a bá yọ èyí kúrò, ìwà ìkà ló kù lórí àgbélébùú. Nítorí náà ni n kò fi gbà pé a lè dáhùn ìbéèrè rẹ nípa ikú Jésù láìkọ́kọ́ dáhùn èyí tó kan bí Ọlọ́run ṣe di ènìyàn.

Àríyànjiyàn ńlá ló sì dá sílẹ̀ láyé ìgbà náà. Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà, kọ́ni pé ẹ̀dá ni Ọmọ: ẹ̀dá tó ga ju gbogbo ẹ̀dá lọ, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí kò sí. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Nicaea lọ́dún 325, wọ́n sì ní ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe òtítọ́. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ tí à ń kà níbi Ìdàpọ̀ Mímọ́, tó sọ pé nítorí àwa ènìyàn àti nítorí ìgbàlà wa ló ṣe sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run, inú ìjà yẹn ló ti wá. Athanasius, tó di bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà lẹ́yìn náà, ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀ tó yé mi jù. Ní tirẹ̀, wàhálà ènìyàn ju pé ó rú òfin lọ. Ènìyàn ti ń bàjẹ́ láti inú wá, ikú sì ti di ọ̀gá lé e lórí. Ìrònúpìwàdà lè dá ẹnì kan dúró kó má dẹ́ṣẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò lè mú ìbàjẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó dá a níṣẹ̀dálẹ̀ nìkan ló lè tún un dá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ọlọ́run kì í kú. Ó wá gba ara tó lè kú, kí ikú lè bá a níbẹ̀, kó sì bá ọ̀gá rẹ̀ pàdé.

Àwọn kan tún sọ pé lóòótọ́ ni Jésù jẹ́ Ọlọ́run, pé ara rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ti ènìyàn, kò ní ọkàn àti èrò ènìyàn. Apollinaris, bíṣọ́ọ̀bù Laodicea, ló kọ́ni bẹ́ẹ̀. Gregory ará Nazianzus, bíṣọ́ọ̀bù mìíràn, dá a lóhùn pé ohun tí Kristi kò bá gbé wọ̀, kò wò ó sàn. Ìwọ rò ó wò: ṣé ara nìkan ló ń ṣe wá? Èrò wa ńkọ́, ìbẹ̀rù wa ńkọ́? Bí Jésù kò bá ní irú ìbẹ̀rù tí èmi àti ìwọ ní, kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ọgbà Gẹtisémánì? Nígbà tó di ọdún 451, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Chalcedon fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo ni Kristi, ó jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, ó jẹ́ ènìyàn pátápátá, ìwà méjèèjì, ti Ọlọ́run àti ti ènìyàn, kò dàpọ̀ mọ́ra, wọn kò sì pínyà.

Ó wá ku ẹbọ fúnra rẹ̀. Nínú Léfítíkù orí kẹrìndínlógún, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni olórí àlùfáà ń wọ ibi mímọ́ jù lọ. Òbúkọ méjì ni wọ́n ń mú wá: wọ́n á pa ọ̀kan, àlùfáà á gbé ọwọ́ lé orí èkejì, á ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ènìyàn lé e, wọ́n á sì lé e lọ sínú aginjù. Àwọn ènìyàn sábà máa ń ka ibẹ̀ kọjá bí ẹni pé Ísírẹ́lì ló ń fi ẹ̀jẹ̀ tu Ọlọ́run lójú. Ṣí orí kẹtàdínlógún, ẹsẹ kọkànlá. Ọlọ́run sọ níbẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ pé, "Èmi sì ti fi í fún yín lórí pẹpẹ." Òun ló fi fún wọn. Láti ìgbà yẹn ni ẹbọ ti ń ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá kó tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ìwé Hébérù fi kún un ni pé ẹ̀jẹ̀ òbúkọ kò lè mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún un ṣe lọ́dọọdún. Kristi fi ara rẹ̀ rúbọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì parí.

Nítorí "lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo" yìí ni onígbàgbọ́ kì í fi bá bàbá àgbà rẹ rúbọ ní Olúmọ. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ ń rí wa lára, kì í sì í ṣe pé a gbọ́n ju àwọn baba wa lọ. (Mo fẹ́ sọ èyí pẹ̀lú, kí ẹni tó bá fẹ́ bínú bínú: ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ń sọ fún ọmọ ìjọ pé kó gbé owó ńlá sílẹ̀ kí Ọlọ́run tó lè gbọ́ àdúrà rẹ̀ ti padà sídìí ẹbọ tí à ń tún rú. Bàbá àgbà rẹ tilẹ̀ sòótọ́ jù wọ́n lọ, wọ́n ń pe tiwọn ní ẹbọ.)

Ní ti pé kí ló dé tí Ọlọ́run kò kàn dárí jì wá, ìwọ̀fà ni n óò fi ṣàlàyé rẹ̀. Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé ni. Bó fi ogún ọdún roko olówó, ojú owó kò dín kọ́bọ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá kó ojú owó sílẹ̀ ló tó lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rere wa rí níwájú Ọlọ́run: ó dára, ṣùgbọ́n ojú owó ṣì wà níbẹ̀. Anselm, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury, parí ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1098. Ohun tó sọ kò ju pé ènìyàn ló jẹ gbèsè, kò sì ní. Ọlọ́run nìkan ló ní, kò sì jẹ. Ẹni tó máa san án gbọ́dọ̀ jẹ́ Ọlọ́run, kó sì jẹ́ ènìyàn.

O lè ní, "Ṣé olówó kò lè sọ fún ìwọ̀fà pé kó máa lọ?" Ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà kò sọnù sáfẹ́fẹ́: olówó ló gbé àdánù rẹ̀. Ìdáríjì ọ̀fẹ́ kò sí rí lọ́dọ̀ ẹni tó ń dárí jini, àfi lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n dárí jì. Ohun tí a rí lórí àgbélébùú ni Ọlọ́run tó gbé àdánù náà sí ara rẹ̀, lójú gbogbo ayé.

Kò yẹ kí a fa àfiwé yìí jù. Ta ni Jésù san owó náà fún? Origen àti Gregory ará Nyssa, àwọn olùkọ́ ìjọ láyé àtijọ́, ní Èṣù ni, nítorí ọwọ́ rẹ̀ la wà. Gregory ará Nazianzus bínú sí èyí gidigidi: ó ní kò yẹ kí olè gba owó ìtúsílẹ̀. Abelard, olùkọ́ kan lẹ́yìn Anselm, gbé e lọ síbòmíràn, ó ní ìfẹ́ tí Ọlọ́run fi hàn níbẹ̀ ló yí ọkàn wa padà. Àwọn Alátùn-únṣe bíi Calvin, tó yapa kúrò nínú ìjọ Kátólíìkì, tẹnu mọ́ ọn pé ìdájọ́ tó tọ́ sí wa ni Kristi gbé. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìjọ àtijọ́ ti Ìlà-Oòrùn, fẹ́ràn láti máa kọrin nípa ìṣẹ́gun rẹ̀ lórí ikú. Ohun kan tó yẹ kí o mọ̀ ni pé àwọn ìpàdé ìjọ àgbáyé ṣe ìpinnu lórí ẹni tí Jésù jẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àlàyé nípa bí ikú rẹ̀ ṣe gbà wá. Èmi rò pé ìdí wà fún un. Ọ̀nà kan kò gba ọ̀rọ̀ náà tán.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ìràpadà wá sí ìlú wa kò sì kọ́ ọ láti inú ìwé nìkan. Kí Henry Townsend, ajíyìnrere ará Gẹ̀ẹ́sì, tó dé ní 1843, àwọn Sàró, ọmọ Ẹ̀gbá àti ọmọ Yorùbá mìíràn tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú, ti ń padà wálé láti Sierra Leone. Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, dé Abẹ́òkúta ní 1846, ibẹ̀ ló sì ti tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dìde ní Aké, tó ń ka Máàkù pé Ọmọ ènìyàn wá láti fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe ìràpadà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí o bá tún ń bá bàbá àgbà rẹ sọ̀rọ̀, má ṣe bá wọn jiyàn lórí Mọ̀rèmi. Bi wọ́n léèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí ni wọn ì bá sọ, ká ní odò Ẹsìnmìrìn fúnra rẹ̀ ló di ọmọ Ifẹ̀, tó wọ oko ẹrú Ùgbò, tó sì kú dípò Olúorogbo. Gbọ́ èsì wọn kí o tó fọhùn.

Èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè rẹ: ṣé Ọlọ́run kú? Ìpàdé Efesu ní 431 ti gbà pé Màríà jẹ́ Ìyá Ọlọ́run, nítorí ẹni tó bí kì í ṣe ènìyàn kan tí Ọlọ́run wá bá gbé lẹ́yìn náà. Ọlọ́run Ọmọ gan-an ni, nínú ara tó gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni ti ikú. Ẹni tó kú ni Ọlọ́run Ọmọ, nínú ìwà ènìyàn tó gbé wọ̀, torí pé ìyẹn ló lè kú. Baba kò kú, ìwà Ọlọ́run kò sì dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. Ara ènìyàn yẹn náà ló sì jí. Kristi kò bọ́ ọ sílẹ̀ nígbà tó gòkè re ọ̀run.