Kí oyún kejì tó dé: bàbá àti ìyá tó sanra ní iṣẹ́ láti ṣe

Okun o, àbúrò mi. Mo ka ìbéèrè tí ẹ kọ láti Ìsánlú, nílẹ̀ Okun wa ní Kogi. Ẹ wọn kílò 94, gíga yín jẹ́ mítà 1.58, ọkọ yín wọn kílò 112. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí yín, ó wọn kílò 4.4, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ sì fẹ́ òmíràn. Ìyá ọkọ yín ní ọ̀rọ̀ ìsanra kò kan ọkùnrin, àti pé kí ẹ ṣáà máa jẹun fún ẹni méjì tí oyún bá ti dúró. Ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dá yín lóhùn: ẹ má dúró de oyún. Ó kéré tán, oṣù mẹ́ta ṣáájú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì.

Ọkọ yín ni mo fẹ́ fi ṣáájú, torí òun ni wọ́n máa ń gbàgbé. Àtọ̀ máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 74 kó tó gbó. Ọ̀rá ikùn ń dín homonu ọkùnrin kù, ó sì ń mú kí ibi tí àtọ̀ ti ń gbó gbóná jù. Ohun tó bá ń jẹ báyìí, oṣù mẹ́ta sí i ni yóò hàn. Kó lọ yẹ ìfúnpá àti súgà rẹ̀ wò, kó dín ọtí kù, kó máa rìn. Tí bàbá àti ìyá bá jọ sanra, ewu pé ọmọ náà á sanra pọ̀ ju ti ẹnì kan ṣoṣo lọ: apá kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, apá kan wà nínú ìkòkò tí gbogbo ilé jọ ń bù.

Ní tiyín, tí ẹ bá lè fi kílò 5 sí 9 sílẹ̀ kí oyún tó dé, ìyẹn nìkan á dín ewu súgà oyún (àtọ̀gbẹ tó ń wá nígbà oyún) kù. Ẹ má fi ebi ṣe é, ẹ má mu tíì tàbí àgbò tí wọ́n ní ó ń mú ènìyàn rù. Ọmọ Okun kò ní fi iyán sílẹ̀, n kò sì ní kí ẹ fi í sílẹ̀. Iyán tó tó ìkúùkù yín kan, ẹ bù ú lẹ́ẹ̀kan, ẹ dé ìkòkò, ẹ má padà sí i. Ẹ̀fọ́ inú ọbẹ̀ kó pọ̀ ju iyán lọ nínú àwo. Àfikún iyán tí à ń bù lálẹ́ yẹn ló ń kó kílò jọ, kì í ṣe iyán fúnra rẹ̀. Ẹ fi omi rọ́pò máàtì àti mínírà. Ẹ̀wà tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ láàárọ̀ ń pa ebi mọ́ títí di ọ̀sán. Ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ẹ bi dókítà nípa folic acid, fítámì tó ń dáàbò bo ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ, mílígíráàmù 5 lójúmọ́, láti oṣù kan ṣáájú oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó bá sanra bíi tiyín nílò rẹ̀ ju 0.4 tí wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn lọ. Pípadé ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ máa ń parí ní nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún dúró, ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà yẹn.

Tí oyún bá dé, jíjẹun fún ẹni méjì kò sí. Kílò 5 sí 9 ni kí ẹ fi sanra jálẹ̀ oyún, nǹkan bí gíráàmù 200 lọ́sẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn, ẹyin kan àti ẹ̀wà díẹ̀ ni àfikún tó yẹ. Ẹ má sì gbìyànjú láti rù nínú oyún.

Ní kílíníìkì, nǹkan kan wà tó máa ń bà mí nínú jẹ́: aṣọ ìwọ̀n ìfúnpá tí wọ́n ń dì mọ́ apá, tó bá kéré jù. Ẹ fi tépù télọ̀ wọn apá yín, láàárín èjìká àti ìgúnpá. Tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ, ẹ ní kí wọ́n lo èyí tó tóbi. Aṣọ tó há máa ń sọ ìfúnpá di ńlá lásán. Wọ́n lè torí ẹ̀ fún yín lóògùn tí ẹ kò nílò. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá aspirin kékeré láti ọ̀sẹ̀ 12 yẹ yín, torí ìfúnpá tó máa ń ga nínú oyún. Ẹ má dá a lò fúnra yín.

Súgà: torí àkọ́bí yín tóbi, kí wọ́n yẹ ẹ́ wò níbẹ̀rẹ̀ oyún, kí wọ́n tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Ẹ ó gbààwẹ̀ mọ́jú, wọ́n á fún yín ní gúlúkóòsì gíráàmù 75, ẹ ó jókòó fún wákàtí méjì. Tí súgà àárọ̀, kí ẹ tó mu gúlúkóòsì, bá tó 5.1 mmol/L, tàbí 92 tí ilé àyẹ̀wò bá ń lo mg/dL, súgà oyún ni. Súgà ìyá ń gba inú ibi ọmọ kọjá, insulin ìyá (homonu tó ń dín súgà inú ẹ̀jẹ̀ kù) kì í kọjá. Ara ọmọ á wá máa ṣe insulin tirẹ̀ lọ́pọ̀, á máa fi súgà yẹn ṣe ọ̀rá. Ọmọ á tóbi, orí lè jáde kí èjìká há. Nítorí náà ẹ bímọ níbi tí yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n bá gé ìwọ́, súgà tó ń wọlé dúró, insulin kò dúró: súgà ọmọ lè lọ sílẹ̀, kó máa gbọ̀n, kó tutù, kó má fẹ́ mu ọmú. Ẹ gbé e sí ọmú láàárín wákàtí kan, ẹ ní kí wọ́n yẹ súgà rẹ̀ wò. Wàrà lè pẹ́ ju ọjọ́ kẹta lọ. Ẹ jẹ́ kó máa fà á, ẹ má fún un lómi gúlúkóòsì nílé.

Àkọ́bí yín: kò sí pé à ń dín oúnjẹ rẹ̀ kù. Ẹ gba ohun dídùn inú ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa sáré ṣeré fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ ní àròpọ̀, kí fóònù má ju wákàtí kan lọ. Ẹ bẹ nọ́ọ̀sì kó wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú kílò rẹ̀ sórí káàdì. Kílò nìkan kò lè sọ bí ọmọ ṣe sanra tó.